Ìgbà Wo Lo Wá A Kẹ́yìn?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi mí, àwọn fúnra wọn sì ti gbàgbé pé àwọn bi mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fọ abọ́, ó ń bọ̀ wá sọ́kàn mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀ tí oorun kò tètè kùn mí, òun náà ni. Mo rí i pé bí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, kò ní jẹ́ kí n gbádùn.

Ẹgbẹ́ kékeré kan wà tí àwa tí à ń tọ́jú ẹni tó ní jẹjẹrẹ ti máa ń pàdé ara wa. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí aráyé ṣe ń tètè gbàgbé ni mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ti wà nínú mi tipẹ́. Láti ọdún 2018 tí dókítà ti sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ìfun ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí bí àwọn ènìyàn ṣe rọ́ wá lákọ̀ọ́kọ́, tí ẹsẹ̀ wọn wá ń dín, tí ìpè fóònù náà sì ń dín. Mo ń wá ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò ní lè bá mi jiyàn lé lórí.

Mo bá lọ sórí Google Trends, níbi tí Google ti ń fi ìlà hàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kan tó. Mo tẹ “colon cancer”, orúkọ jẹjẹrẹ ìfun lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo yan gbogbo ayé, mo sì yan ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 títí dé ìparí 2021. Ìlà aláwọ̀ búlúù kan yọ. Ó ń wọ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bọ̀, àfi lójijì, ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2020, ló ta sókè, ó kan 100, ó sì já wálẹ̀ bí èso tó gbó lórí igi. Mo mọ ohun tó fà á. Ọjọ́ 28 oṣù náà ni Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà, kú lẹ́ni ọdún 43. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti rí àrùn náà lára rẹ̀, kò sì sọ ọ́ síta. Ọjọ́ tó kú gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ pé jẹjẹrẹ ìfun ló ti ń bá a fínra láti ọjọ́ yìí wá.

Mo ya àwòrán ìlà náà. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni aráyé fi bìkítà.” Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n bá mi wò ó.

Ohun tí wọ́n bi mí

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n wà nílé ìdáná. Àìsàn náà ti padà dé, wọ́n sì ti tún bẹ̀rẹ̀ kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gba oògùn ni ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá mọ oògùn tí wọ́n ń pè ní oxaliplatin á mọ ohun tí mò ń sọ: òtútù kékeré ń dà bí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àti lọ́fun. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó ṣí fíríìjì. Wọ́n gbé ike omi jáde, wọ́n gbé e kalẹ̀ kí òtútù rẹ̀ kọ́kọ́ rọlẹ̀, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ náà ní ìka kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mú fóònù wọn.

Wọ́n ka ohun tí mo kọ tán. Wọ́n fi ìka méjì fẹ àwòrán ìlà náà lójú, wọ́n wò ó pẹ́.

“Ó dára o,” ni wọ́n wí. “Àmọ́ ìwọ alára ńkọ́, ìgbà wo lo wá a kẹ́yìn?”

“Kí ni mo wá, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Colon cancer yìí. Ìgbà wo lo tẹ̀ ẹ́ sórí Google kẹ́yìn?”

Mo la ẹnu, mi ò rí nǹkan sọ. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára. Wọ́n kàn béèrè ni. Wọ́n dá fóònù padà sórí tábìlì, wọ́n ní kí n bá àwọn wo ẹ̀rọ ìfọṣọ tí kò yí dáadáa, ó parí síbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí ibi tí Google máa ń tọ́jú ohun tí ènìyàn ti wá sí nínú àkáǹtì rẹ̀. Mo ń fi ìka fa ojú ìwé sẹ́yìn, ọdún lé ọdún. Bí mo bá yọ ọjọ́ tí mo lọ wo Trends kúrò, ọdún 2019 ni mo tẹ orúkọ àìsàn ẹ̀gbọ́n mi kẹ́yìn. Láti ọdún 2019 wá, mo ti sùn lórí àga ilé ìwòsàn tí mi ò lè ka iye rẹ̀. Mo mọ orúkọ oògùn wọn ju orúkọ àwọn ará àdúgbò mi lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ìlà yẹn wò ó, ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti gbàgbé ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹni tó ti wọlé kì í béèrè orúkọ ilé

Kí wá ni mò ń wá láàárín ọdún wọ̀nyí? Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìdí tí ìka fi ń ta lẹ́yìn kímò. Bí a ṣe ń tọ́jú awọ ara tó yí àpò ìgbẹ́ tó wà lára ikùn wọn ká kó má baà bó. Oṣù mélòó ni irun fi ń padà hù. Bí òórùn oògùn ṣe ń kúrò lára ìrọ̀rí. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìbéèrè bẹ́ẹ̀, “colon cancer” kò sí níbẹ̀, nítorí ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Mo ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ohun tó kàn ni mi ò mọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òwe yẹn náà ló tú ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìkóríta ló ń béèrè ọ̀nà. Ẹni tó ti ń rìn ín fún ọdún méje ń wo ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ni. Ìlà tí mo yà láwòrán yẹn ń ka àwọn tó wà ní ìkóríta. Nígbà tó ga, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ àìsàn náà ti pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti rí ìdáhùn gbà, tí kálukú gba ibi tó ń lọ lọ. Àwọn kan lè ti lọ ṣe àyẹ̀wò ìfun. Àwọn kan lè ti fóònù bàbá wọn. Ìlà náà kì í bá ẹnikẹ́ni lọ sílé.

Nǹkan kan wà tó dùn mí nígbà tí mo padà wo àwòrán yẹn. Ọdún 2021 tí mo pè ní ọdún ìgbàgbé, nínú oṣù karùn-ún rẹ̀ gan-an ni ìgbìmọ̀ U.S. Preventive Services Task Force ní Amẹ́ríkà dín ọjọ́ orí tó yẹ kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun kù, láti ẹni ọdún 50 sí ẹni ọdún 45. Kì í ṣe ikú òṣèré kan ló fà á. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gba ọ̀pọ̀ ìwádìí, wọ́n sì ti ń bá a bọ̀. Àwọn kan jókòó, wọ́n ka ìwé, wọ́n ṣírò, wọ́n jiyàn, wọ́n sì ṣe ìpinnu tó máa kan àìmọye ènìyàn tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ìlà mi sùn sílẹ̀ gbalaja ní gbogbo àkókò yẹn. Èmi sì fẹ́ fi í ṣe ẹ̀rí pé kò sẹ́ni tó bìkítà.

Ìdá ni, kì í ṣe iye

Ó yẹ kí n ti mọ̀, nítorí Google kò fi bí ó ṣe ń ka nǹkan pa mọ́. Nọ́ńbà tó wà lára gíráàfù yẹn kì í ṣe iye ènìyàn. Wọ́n ń mú àwọn tó wá ọ̀rọ̀ kan, wọ́n ń pín wọn sórí gbogbo àwárí tó wáyé níbẹ̀ lákòókò náà, wọ́n á wá pe ibi tó ga jù lọ nínú àkókò tí ìwọ yàn ní 100. Gbogbo ibi yòókù, ara òun ni wọ́n ń fi wọ́n wé.

Ká ní lónìí, àwárí 10,000 ló wáyé, tí 100 nínú wọn jẹ́ nípa jẹjẹrẹ ìfun. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ká tún ní lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, gbogbo àwárí ti di 1,000,000, tí 5,000 nínú wọn jẹ́ nípa àìsàn náà. Ìbéèrè ti di ìlọ́po àádọ́ta, síbẹ̀ ìdá rẹ̀ ti dín sí ìdajì ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń wo gíráàfù á rí ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀, á sì máa mi orí. Láti ọdún 2004 ni dátà Google Trends ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòní. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ìlà ogún ọdún hàn yín pé ayé kò ka nǹkan kan sí mọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń pín in.

Bí mo bá tún yan àkókò mìíràn, 100 á ṣí kúrò níbi tó wà. Ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ òkè lónìí lè di pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́la, láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo yí ọkàn padà. Ikú Boseman ló tẹ àwọn ọ̀sẹ̀ yòókù mọ́lẹ̀ nínú àwòrán mi. Oṣù kẹta ọdọọdún jẹ́ oṣù ìpolongo àrùn yìí ní Amẹ́ríkà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè yẹn, gegele rẹ̀ kò ju ilé èèrà lọ. Èmi ni mo yan àkókò tó gbé òkè náà sáàárín. Mo gbé fèrèsé síbi tí mo fẹ́, mo wá ń sọ pé ohun tí mo rí ni gbogbo ìta.

Ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí àwọn ará Bìrìtìkó dìbò láti kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU). Ìròyìn kárí ayé pé “kí ni EU?” wà lára ìbéèrè nípa àjọ náà tí wọ́n ń bi Google jù níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé wọ́n ti dìbò kí wọ́n tó béèrè. Ó lé ní mílíọ̀nù 33 ènìyàn tó dìbò náà. Ìlà yẹn kò sọ iye àwọn tó béèrè, kò sì sọ bóyá wọ́n dìbò. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó gbọ́ ìròyìn nílé. A ti fi í bú odindi orílẹ̀-èdè kan ká tó ronú nípa ọmọ yẹn.

Fún àwa tí à ń kọ èdè alámì ohùn, ọ̀rọ̀ tún kù. Ẹni tó ń béèrè nípa ọkọ rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀, ẹni tó ń wá ọkọ́, ẹni tó ní oko: bí gbogbo wọn bá tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, “oko” ni gbogbo rẹ̀. Ìlà wo ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ibà tí Google rí

Èmi kọ́ ni àkọ́kọ́ tí ìlà yóò tàn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣáájú mi. Lóṣù kọkànlá ọdún 2008, Google gbé ohun kan jáde tí wọ́n pè ní Flu Trends, tó ń fi ohun tí àwọn ènìyàn ń wá fojú bu iye àwọn tí flu, ọ̀fìnkìn líle, ń ṣe. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Igi gáńgáńrán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìròyìn CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, lórí iye àwọn tó ń gbé àìsàn flu lọ bá dókítà máa ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó jáde. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti tẹ nǹkan sórí fóònù. Wọ́n kó mílíọ̀nù 50 ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń wá jọ, wọ́n fi wé dátà CDC, wọ́n ṣa márùndínláàádọ́ta tó bá a mu jù lọ.

Lọ́dún 2009, irú flu tuntun kan, H1N1, dé ní àkókò tí kì í ṣe àkókò flu, Flu Trends kò sì rí i bó ṣe yẹ. Ó ti mọ ìgbà òtútù ju bó ṣe mọ àìsàn lọ. Kódà nígbà tí wọ́n ń ṣa ọ̀rọ̀, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti yọ lára ohun tó ń bá flu lọ sókè sódò, nítorí ìgbà òtútù ni wọ́n ń gbá a. Wọ́n rí ìyẹn, wọ́n yọ ọ́. Ta ló mọ iye irú rẹ̀ tí wọn kò rí? Nígbà òtútù ọdún 2012 sí 2013, iye tó fojú bù lé ní ìlọ́po méjì ohun tí CDC rí. Àwọn onímọ̀ mẹ́rin kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2014 pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2011, nínú ọ̀sẹ̀ 108, ọgọ́rùn-ún ni Flu Trends fi sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ. Lọ́dún 2015, Google dẹ́kun gbígbé e jáde.

Àwọn onímọ̀ yẹn tọ́ka sí ohun kan tí mo ka lẹ́ẹ̀mejì. Google fúnra rẹ̀ ń yí bí ó ṣe ń dábàá ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń tẹ nǹkan padà. O bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, òun ló parí rẹ̀ fún ọ, ìwọ sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á wá kà á pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn. Tún fi ìròyìn kún un: bí tẹlifíṣọ̀n bá pariwo flu, ẹni tí ara rẹ̀ le koko á tẹ “àmì àìsàn flu”, ìyá tó gbé ọmọ tó ń gbóná sórí ẹsẹ̀ á tẹ ohun kan náà. Ìbẹ̀rù ọ̀kan àti ìnira ìkejì wọ inú àpò kan náà, ẹni tó ń kà wọ́n kò ní ohun tó lè fi yà wọ́n.

Àwọn kan á ní kí a jù ú nù. Mi ò gbà. Ìlà àwárí wúlò púpọ̀ bí ẹni tó ń lò ó bá gbé nǹkan mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wikipedia ń fi iye ìgbà tí wọ́n ṣí ojú ewé kọ̀ọ̀kan hàn, iye gan-an, kì í ṣe ìdá. Ilé ìwòsàn mọ iye àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Bí ìlà bá ga, tí àyẹ̀wò náà sì pọ̀ sí i, a rí nǹkan bá sọ. Ìlà nìkan, ariwo ọjà ni: o mọ̀ pé èrò wà níbẹ̀, o ò mọ ohun tí wọ́n rà.

Bí aṣọ bá ṣí lára ìlà

Lóṣù kẹjọ ọdún 2006, iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì AOL gbé nǹkan bí 20 mílíọ̀nù àwárí síta fún àwọn olùwádìí, èyí tí nǹkan bí 650,000 oníbàárà wọn ṣe láàárín oṣù mẹ́ta. Wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn New York Times ti tẹ̀ lé ohun tí nọ́ńbà kan ń wá títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà obìnrin tó ni ín. Ìbéèrè rẹ̀ nípa àìsàn, ìlú rẹ̀, ajá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. AOL yọ fáìlì náà, wọ́n tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó ti tàn kálẹ̀.

Nígbà tí mo ń ka ìtàn náà, àyà mi já nítorí ohun tí mo rí nínú àkáǹtì tèmi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ìbéèrè mi láti ọdún 2018 wá ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, yóò mọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi kò lè jẹun, yóò mọ òru tí mo rò pé wọn kò ní jí. Ìdí tí Google Trends fi ń po gbogbo wa pọ̀, tó fi ń pe ohun tí àwọn tó wá a kéré jù ní 0, wà lára ohun tó ń bo àṣírí wa. Mo dúpẹ́ fún ìbòrí yẹn. Òun kan náà ni kò jẹ́ kí ìlà lè sọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. A ò lè rí méjèèjì gbà.

Òru kan wà lọ́dún 2018, ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò jáde. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé, mi ò tan iná kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo ṣì wà lójúfò. Mo tẹ ìbéèrè kan, mo ka ìdáhùn, mo pa á rẹ́, mo tún tẹ ìbéèrè kan náà. Bóyá ìgbà mẹ́wàá, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé bí mo bá tún un béèrè, ìdáhùn á yí. Google sọ pé bí ẹnì kan bá wá ohun kan léraléra láàárín àkókò kúkúrú, Trends kì í ka àsọtúnsọ rẹ̀. Gbogbo òru yẹn, ẹyọ kan ni.

Mo yọ gbólóhùn tó wà lábẹ́ àwòrán náà kúrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo dé iwájú ẹgbẹ́, mo fi ìlà yẹn hàn wọ́n, mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ dáhùn. Lẹ́yìn náà, bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn ní kí n jọ̀ọ́, ó ti pẹ́ tí àwọn ti wá orúkọ àìsàn ìyàwó àwọn. Ohun tí àwọn wá lánàá ni bí wọ́n ṣe ń de ìborí tí kò ní máa yọ̀ lórí tí irun ti tán. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní kí wọ́n fi hàn òun. Wọ́n jọ tẹrí ba sórí fóònù kan náà, èmi náà dákẹ́ kí wọ́n lè wò ó tán.

Lálẹ́ àná, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti yàrá wọn. “Àbúrò mi, bá mi wo nǹkan lórí fóònù rẹ. Ṣé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ dára fún ìka tó ń ta?” Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo ka ohun tó jáde sí wọn létí, mo sì lọ gbé omi kaná.